Láàrin Etí àti Yẹtí

Ibi ẹ̀rọ etí ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú un. Ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn á tì í bọ etí òsì kó tó jókòó síwájú kámẹ́rà. Ẹni tó ń darí ètò á wà ní yàrá kejì, níwájú àwọn tẹlifíṣọ̀n kéékèèké àti bọ́tìnnì pupa kan. Tó bá tẹ bọ́tìnnì yẹn tó sọ̀rọ̀, inú etí ẹni tó ń ka ìròyìn ló ń lọ tààrà, àwọn tó ń wò nílé kò ní gbọ́. "Rọra kà á." "Gbójú sókè." "Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá." Wàyí o, ẹni tí gbogbo ayé ń wò kò kàn lè máa dá ẹni tí wọn ò rí lóhùn, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àmì ló lè ṣe. Bí wáyà bá já tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, á rọra fọwọ́ kan etí rẹ̀ bí ẹni tó ń tún irun ṣe, yàrá kejì á sì mọ̀. Òfin ilé iṣẹ́ nìyẹn: ọwọ́ kan etí, mi ò gbọ́.

Obìnrin tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ka ìròyìn. Màmá Ìròyìn ni àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò tíì bí nígbà tó fẹ̀yìn tì. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì tó sì kí wọn pé ẹ káàárọ̀, awakọ̀ á bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ kì í ṣe ohùn tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ohùn kejì ni, èyí tó ń ti yàrá kejì wá sí etí rẹ̀.

Ẹni tó ni ohùn yẹn ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Etí. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà ni, ó ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní akọ̀wé, ó ní tábìlì tó gùn débi tí wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, bí àkókò ìròyìn bá ti kù díẹ̀, á bọ́ kóòtù, á sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìdarí, á ní kí ẹni tó jókòó níbẹ̀ dìde, á sì tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn nínú wáyà. Ojúkojú ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá délẹ̀ láàrin òun àti ẹni tó fẹ́ràn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà, á wo bàtà rẹ̀, á ní ṣé gílóòbù yẹn ò ti fẹ́ jó. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló fi ẹ̀rọ etí fẹ́ ìyàwó!

Bó ṣe ṣe é nìyí. Màmá Ìròyìn, tó ṣì jẹ́ ọmọbìnrin nígbà náà, ń ka ìròyìn afárá kan tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, ló bá gbọ́ ọ nínú etí: "Ohùn." Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dé ilé iṣẹ́. "Ohùn, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Bí o bá gbà, fọwọ́ kan yẹtí rẹ. Bí o ò bá gbà, máa ka ìròyìn rẹ lọ." Ẹ wo ọ̀daràn! Ọmọbìnrin náà ka afárá dé ìparí, ó ka iye oṣù tí iṣẹ́ máa gbà, ó ka ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kọ̀ máa gbà lọ, Ọ̀gá Etí ti ń làágùn bí ẹni tó ru àpò símẹ́ǹtì. Ìgbà tó dánu dúró kó tó bọ́ sí ìròyìn tó kàn ló fi ìka méjì kan yẹtí, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ariwo tí wọ́n pa ní yàrá ìdarí pọ̀ débi tí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà fi sáré wọlé pẹ̀lú kóńdó.

Láti ọjọ́ náà ni yẹtí ti di èdè wọn. "Ṣé ká jọ rìn lọ sílé lónìí, ká fi mọ́tò sílẹ̀?" Ọwọ́ á kan yẹtí. "Ṣé o ti dárí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ àná?" Ọwọ́ á pẹ́ díẹ̀, á wá kan yẹtí. Ẹ wá bá mi rò ó wò. Òfin ilé iṣẹ́ ní ọwọ́ kan etí, mi ò gbọ́. Àdéhùn tọkọtaya ní ọwọ́ kan yẹtí, mo gbà. Láàrin etí àti yẹtí, ṣé ààyè ìka kan wà níbẹ̀ ni? Àwọn méjèèjì kàwé, àwọn méjèèjì gbọ́n, kò sì sí èyí tó rò ó nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí ni pé Alága ẹgbẹ́ òṣèlú ń bọ̀. Ọ̀gá Etí kì í ṣe Ọ̀gá Etí mọ́ nígbà yẹn. Ọnọ́rébù ni, ó ti lo sáà mẹ́fà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko, òun fúnra rẹ̀ sì ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Sáà kẹfà ń parí lọ. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé èyí lòun fi máa kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ní Tọ́sìdé, Alága pè é lórí fóònù pé àwọn ń gbé fọ́ọ̀mù sáà keje bọ̀ ní Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ló kù. Màmá Ìròyìn wà ní kíṣìnnì, ó na etí. "Ẹ máa bọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti bá olóṣèlú gbélé mọ̀ pé "ẹ máa bọ̀" jẹ́ 'bẹ́ẹ̀ ni' tó ti wẹ̀ tó ti wọṣọ.

Obìnrin yìí ti ra àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì sí fàráńdà ẹ̀yìnkùlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìlérí yẹn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó ń jókòó sí ọ̀kan nírọ̀lẹ́ títí tìmùtìmù rẹ̀ fi jìn. Ìkejì ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá láti ṣọ́ọ̀bù. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ọ̀rá náà á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń yí ìdí padà lórí àga. Nígbà mìíràn obìnrin náà á yíjú wò ó. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Àárò ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ọkọ tó wà láàyè, tó ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ bí kò bá sí ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lílọ tó lọ kọ́ ló dùn ún jù. Àìbéèrè ni. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ òun jí lọ́jọ́ kan, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi yàrá ìdarí sílẹ̀, ó fi òun sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kò sì bi òun ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni, ìròyìn aago kan ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ kì í pọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó gbọ́ ọkọ rẹ̀ nínú etí bó ṣe máa ń gbọ́ ọ: "Rọra, Ohùn." Kò tíì ka ìròyìn kẹta tán tí etí rẹ̀ fi dákẹ́. Ẹni tó ti lo ẹ̀rọ yẹn pẹ́ mọ̀ pé kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, ó ní bó ṣe ń mí. Lọ́jọ́ yẹn kò mí. Ó rò pé yóò padà. Nígbà tó kan ojú ọjọ́ tí kò tíì padà, ó fọwọ́ kan etí. Kò sẹ́ni tó yọjú. Ó ṣara gírí, ó kà á tán láìsí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú fún un, ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ṣíwájú aago, ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tó jáde, ẹnìkan ṣoṣo ló bá ní yàrá ìdarí. Onítọ̀hún ní Ọ̀gá rán òun lọ mú kásẹ́ẹ̀tì, pé ìgbà tóun padà, Ọ̀gá ti ń sáré jáde, ojú rẹ̀ ń dán, àwọn kan sì ń dúró dè é nínú mọ́tò.

Bàbá Wáyà, àgbà ẹnjiníà tó ń tún gbogbo nǹkan ṣe níbẹ̀, rá pálá wọ abẹ́ tábìlì ìròyìn, ó fa wáyà jáde. Ó ti já sí méjì, ẹnu rẹ̀ rí wúruwùru.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "eku ló jẹ ọ̀rọ̀ yín o."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá Wáyà so ó padà, obìnrin náà sì lọ sílé. Ta ló tún ń ro ọ̀rọ̀ eku?

Ọkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó wọlé lọ́jọ́ náà, oorun ti gbé ìyàwó lọ. Ní Mọ́ńdè, òun ló ni ìròyìn àárọ̀, ó ti jáde kí ọkọ tó jí. Wọ́n kó ìwé fún un bí wọ́n ṣe máa ń kó o fún un, kò sì ráyè yẹ̀ wọ́n wò tán. Ìwé kẹta ló kàn: "Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yìí ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti díje dupò aṣòfin." Bó ṣe ń kà á fún ará ìlú ló ń gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ó kà á dé ìparí, ó sì bọ́ sórí ìròyìn owó epo. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún yín?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pálọ̀ wọn kún fún àga oníke àti àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè. "Ìyàwó mi yìí ló fún mi láyè! Kí n tó gbẹ́sẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ bi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá Ìròyìn wo ẹnu rẹ̀, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ò tíì lo ọjọ́ méjì nínú òṣèlú, ó ti mọ irọ́ pa báyìí. Àmọ́ ta ló máa já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Ó gbé e mì.

Sáà kan péré ló ní òun fẹ́ lò. "Fi ṣe ìpolówó ọjà tí wọ́n ń fi sáàárín eré," ó ní, ó ń wo àjà. "Kó o tó mọ̀, eré ti padà." Ìpolówó ọjà wo ló ń gba ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ bá mi bi í! Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ pé, ọ̀nà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ò tíì parí. Nígbà tí ọ̀nà parí, ó ní bí òun bá kúrò báyìí, aláìmọ̀kan kan ló máa gbapò. Lẹ́yìn ìyẹn ó gòkè lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ti ìjọba àpapọ̀, kò sì wá àwáwí mọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní òun máa kọ́, ó kọ́ ọ, àwọn aláboyún ń bímọ níbẹ̀ dòní. Kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro, torí bó bá jẹ́ olè ni, ìyàwó rẹ̀ ì bá mọ bí yóò ṣe bínú sí i.

Bí òṣèlú ṣe ń bá a ṣe nílé ni kí ẹ gbọ́. Ọjọ́ kan àwọn ìbejì wọn ti iléèwé dé, bàbá wọn ń sáré jáde lọ síbi ìpolongo, ló bá bọ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, a mọrírì àtìlẹ́yìn yín." Ó ti jókòó sínú mọ́tò kó tó rántí pé ọmọ òun ni. Àwọn ìbejì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀; bí wọ́n bá ń pè é lórí fóònù, ohun tí wọ́n fi ń kí i nìyẹn. Ìyá wọn bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín tó mú omi wá sójú, ó wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ohùn àwọn ẹlòmíràn ló ń bọ̀ sí etí rẹ̀. Ọ̀kan máa ń jẹ gọ́ọ̀mù. Ọ̀kan ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Kò sí èyí tó pè é ní Ohùn. Lọ́jọ́ kan, àwọn aṣòfin jà nílé ìgbìmọ̀, wọ́n ju àga. Ìwé tí wọ́n sáré fi lé e lọ́wọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni: "Aṣòfin kan fara gbọgbẹ́ lórí, wọ́n sì ti gbé e lọ sílé ìwòsàn." Ó kà á. Ó gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó ń retí kí ẹnìkan sọ nínú etí òun pé kì í ṣe ọkọ rẹ, fọkàn balẹ̀. Ohùn tó wà níbẹ̀ ní, "Rẹ́rìn-ín músẹ́, eré ìdárayá ló kàn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹlòmíràn ni àga bà, ọpẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ pè nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ń ta kébékébé. "Ohùn, ṣé o rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n?"

Kì í ṣe pé kò sọ ọ́ jáde rí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá ń fi ọṣẹ fọ abọ́, á ní, "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí." Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. "Ìwọ yìí! O mọ̀ pé mo bi ọ́." Ọkọ rò pé eré ni ìyàwó ń ṣe, ìyàwó rò pé irọ́ ni ọkọ ń pa, báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láti sáà dé sáà.

Ní Sátidé yẹn, aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Ọnọ́rébù jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, awò ojú rẹ̀ wà lẹ́nu imú, ó ti wọ aṣọ tó gún régé. Bírò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá Ìròyìn ń fi aṣọ nu tábìlì, ó nù ún dé ibi bírò, ó dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fẹ́ lọ."

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"Bírò wo wá nìyí?"

Ó wo bírò náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀. "Mo fẹ́ fi ṣe eré ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

Ó wo àjà. "Àwọn ènìyàn yìí ń bẹ̀ mí ni, jàre. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn. Sáà kan péré."

"Sáà kan péré," ni ìyàwó rẹ̀ tún un wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ìròyìn. Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín.

"Àti pé," Ọnọ́rébù tètè fi kún un, "bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ìwọ lo fún mi láyè."

Aṣọ ìnutábìlì bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yálà inú dùn ni o tàbí inú bàjẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" sá lọ.

"O ò bi mí! Ọdún mẹ́rìnlélógún lo ti ń sọ ọ́ kiri, mo ń gbé e mì torí pé àlejò wà níbẹ̀. Kò sí àlejò níbí báyìí. Ìgbà wo lo bi mí? Níbo? Mo ka lílọ rẹ nínú ìwé bí mo ṣe ń ka ti ẹlòmíràn! Ǹjẹ́ o mọ bó ṣe rí lára mi?"

Ọkọ yọ awò ojú.

"Ohùn, mo bi ọ́. Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ní sítúdíò ni. Ọjọ́ Sọ́ńdè, ìròyìn aago kan. Mo rán ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi níṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kó lè jáde. Ojú ọjọ́ lò ń kà. Mo ní, 'Ohùn, wọ́n fẹ́ kí n díje. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Bí o ò bá fẹ́, mi ò ní lọ, kò sì ní bí mi nínú. Bí o bá gbà, fọwọ́ kan yẹtí rẹ.' Mo ka oókan dé aárùn-ún. O gbé ọwọ́ sókè, o fi kàn án. Ojú mi ló ṣe. Mo sunkún díẹ̀ nídìí bọ́tìnnì, bí o bá fẹ́ gbọ́ òdodo."

Màmá Ìròyìn jókòó. Kò mọ ìgbà tó jókòó. Bàbá Wáyà ló rí lójú inú, tó ń rá pálá jáde lábẹ́ tábìlì, wáyà já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Eku ló jẹ ọ̀rọ̀ yín o.

Ó bi í. Ọkùnrin yìí bi í! Gbogbo ìgbà tó ń dá jókòó sí fàráńdà yẹn, tó ń ro bí òun ṣe jẹ́ ẹni tí wọn ò kà sí, ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu ọkọ, ó ti wọ inú wáyà, ó kàn kú sábẹ́ tábìlì ni. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi tó fi ń wá ibi tí yóò fọwọ́ lé. Ó wo ọkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Bí òun bá dákẹ́, ọkọ á máa bá ọkàn tó balẹ̀ lọ, á gbà pé ìyàwó òun ló fún òun láyè. Bí òun bá sọ ọ́, ibo ló fẹ́ rí ọdún mẹ́rìnlélógún gbé sí? Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago ara ògiri lu méjìlá.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ẹ ò mọ̀. Wáyà ti já lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Etí ni mo fọwọ́ kàn."

"Etí?"

"Etí."

Ọnọ́rébù gbé ọwọ́ sí etí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ síbi tí yẹtí ì bá wà, ó gbé e padà sókè.

"Kí ló já a?"

"Eku. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Wáyà."

"Eku." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Áà! Eku ló sọ mí di aṣòfin!" Ẹ̀rín gbé e, ó gbé ìyàwó náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fọwọ́ gbá tábìlì. Ọkọ kò tètè mọ ìgbà tí tirẹ̀ yí padà di ẹkún. Ó bo ojú.

"Bí o bá gbọ́ ọ ńkọ́?" ló bi í láti ẹ̀yìn ọwọ́. "Lọ́jọ́ yẹn. Bí wáyà ò bá já."

Màmá Ìròyìn wo ọ̀nà fàráńdà.

"Ǹ bá máa ka ìròyìn mi lọ," ó ní.

Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì.

Alága wọlé pẹ̀lú àwọn méjì, àpò ìwé nínípọn kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọkùnrin sísanra ni, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ ènìyàn. "Màmá Ìròyìn wa! Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ ń lọ, ohùn yín ò darúgbó." Wọ́n jókòó. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì pálọ̀, ó ti fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n máa buwọ́ lù. "Ọnọ́rébù, a ò ní pẹ́."

Ọnọ́rébù kò mú bírò. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé, ó rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ sí yàrá láti sọ̀rọ̀ ni. Ọkọ wá dúró níwájú rẹ̀. Kò wo àjà. Kò wo bàtà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ìyá Ìbejì," ó ní sókè, tí gbogbo pálọ̀ gbọ́, "àwọn ènìyàn yìí fẹ́ kí n díje lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o ò bá fẹ́, mi ò ní lọ, kò sì ní bí mi nínú. Bí o bá gbà, fọwọ́ kan yẹtí rẹ."

Alága rẹ́rìn-ín kàkàkà. Ó rò pé eré arúgbó ni. "Màmá, ẹ kúkú fọwọ́ kàn án, ká rí nǹkan gbé lọ."

Ẹ ò rí ayé! Ìgbà yẹn gan-an ni etí òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Etí tí kò yún un láàárọ̀, tí kò yún un lánàá. Ó ń yún un nísàlẹ̀ níbi tí yẹtí ti wọlé, ìyúnra tó lè mú ènìyàn bú sẹ́kún. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ọkọ rẹ̀ ń ka oókan, eéjì, pẹ̀lú ètè lásán. Obìnrin náà na ọrùn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó kọjú síwájú bí ìgbà tí iná sítúdíò bá tàn.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ènìyàn wa," ó ní. "Ìròyìn aago méjìlá nìyí. Àlejò mẹ́ta ló wà nílé wa lónìí. Wọn yóò mu omi tútù, wọn yóò sì máa lọ sílé wọn ní àlàáfíà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alága. Ó wo Ọnọ́rébù, Ọnọ́rébù kò wò ó.

"Bàbá kan tó jáde nílé lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn…" Ohùn tí kò kọsẹ̀ lórí ogun, tí kò kọsẹ̀ lórí ikú ọba àti ìjòyè, kọsẹ̀ níbẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò lọ. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì lè yọ ọwọ́ nù ún.

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí òsì.

"Rọra, Ohùn," ó ní. "Rọra kà á. Kò sí ìkánjú."

"…bàbá náà," ni ó kà, "àárò rẹ̀ ń sọ àwọn ará ilé rẹ̀."

Àlejò mu omi. Alága ká fọ́ọ̀mù padà sínú àpò, ó ní àwọn á tún máa pè lórí fóònù, Ọnọ́rébù sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Màmá Ìròyìn kò mira. Ó gbọ́ tí mọ́tò dún, ó gbọ́ tó yà sí títì, kò mira. Ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́ ló tó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ lábẹ́ itan, ọwọ́ náà ti kú tipiri, ó sì fi gbogbo èékánná họ etí náà dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Ṣé etí ni," ló bi í, "àbí yẹtí?"

"Etí ni," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ wá bá mi yọ ọ̀rá kúrò lára àga yín."